Fíìtì mẹ́wàá tó kẹ́yìn: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ páráṣúùtì kan tó gba ìtọ́jú ní Òṣogbo

Ẹni tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ bíbí Òṣogbo tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ó gba ìsinmi gígùn, ó wálé fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mú un wá sí yàrá fisiotẹ́rápì wa lágbègbè Òkè-Fìà nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó fara pa níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi páráṣúùtì fò jáde nínú bàálù. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ wa lókè òkun tí wọ́n ń kọ́ irú eré yìí, àmọ́ ó ní kí n má dárúkọ òun. Nọ́ọ̀sì ni n ó máa pè é.

Kókósẹ̀ ti ìta ló sán, ìyẹn ìsàlẹ̀ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun. Kò yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, torí náà wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ fún un; bàtà líle tó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fọ́tò X-ray tó mú wá fi hàn pé egungun ti so padà. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ò tíì di tirẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń yà sí. Kò lè lóṣòó. Bó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ní láti fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó lè dìde, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbéyàwó ló bá wálé, ìkúnlẹ̀ ibẹ̀ ò sì níye.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá ti kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ teguntegun kan, ẹni yẹn sì fi àdí àti òrí wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. N ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Egungun ti so, ara ibẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ohun tí n kì í fẹ́ gbọ́ rárá ni kí ẹnì kan máa fa ẹsẹ̀ tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sán, láìrí fọ́tò kankan. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwọ́ nìkan kò lè dá agbára padà sínú ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú bàtà líle.

Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. “Dókítà, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ fò mọ́. Kí ló ń wá lójú ọ̀run?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọ̀run ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ilẹ̀ ni mo ti fara pa.”

Ìyá rò pé ó ń fọ̀rọ̀ ṣeré ni. Lójú tèmi, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, orí ọ̀rọ̀ yẹn sì ni gbogbo ìtọ́jú tí mo ṣe fún un dúró lé.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní AFF (Accelerated Freefall). Wọ́n á kọ́kọ́ dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn náà, òun àti olùkọ́ méjì á jọ fò jáde láti nǹkan bíi fíìtì 13,000, olùkọ́ kan lọ́tùn-ún, ìkejì lósì, wọ́n á dì í mú. Akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé páráṣúùtì tirẹ̀ pọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ṣí i. Kó tó ṣí i, á ti jábọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 sí 50, eré rẹ̀ á sì tó máìlì 120 ní wákàtí kan. Aago kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe ga sí ilẹ̀ tó. Tí aago bá ti dé 5,500, kó ṣí i. Bí kò bá ṣí dáadáa, kó tó dé 2,500 ó gbọ́dọ̀ ti pinnu bóyá òun máa já a dànù kí òun sì fa páráṣúùtì kejì tó wà ní àpamọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá pòrúurùu tí kò lè ṣe ohunkóhun, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ẹrù ẹ̀yìn yẹn tí yóò ṣí ti àpamọ́ fúnra rẹ̀. Rédíò wà létí rẹ̀, olùkọ́ kan sì wà nílẹ̀ tó ń darí rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ààbò lé ara wọn láti òkè. Gbogbo rẹ̀ ló ń dín kù bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀. Gẹ́rẹ́ tó bá ti ṣí páráṣúùtì, olùkọ́ méjèèjì ti bá tiwọn lọ. Ní fíìtì 50, páráṣúùtì àpamọ́ ò lè gbà á mọ́, kò sí àyè tí yóò fi ṣí. Rédíò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́ ti di ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tó bá ku fíìtì 10, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló kù tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìgbà ìbalẹ̀ yìí sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń fò ti ń fara pa, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣèṣe.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ya fídíò ìbalẹ̀ náà láti ilẹ̀. Mo wò ó, mo dá a padà, mo tún un wò, Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà fún mi.

Ohun tó ṣe lókè dára. Ó jáde nínú bàálù bó ṣe yẹ, ó ti ìbàdí síwájú kí ara rẹ̀ lè dúró lórí afẹ́fẹ́, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ṣí páráṣúùtì lásìkò. Irú páráṣúùtì ńlá tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni, onígun mẹ́rin, okùn rẹ̀ kò sì lọ́ mọ́ra. Ní fíìtì 1,000 ó ń bá atẹ́gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ní 600 ó yà. Ní 300 ó tún yà láti dojú kọ atẹ́gùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Òfin wọn ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fò bí atẹ́gùn bá ju máìlì 14 lọ ní wákàtí kan, ti ọjọ́ náà ò sì tó ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí kò lágbára máa ń yí kiri. Nínú fídíò, èèyàn á rí aṣọ tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà atẹ́gùn létí pápá: ó kọ́kọ́ rọ wọ̀ọ̀, ó wá gbérí sí apá kejì. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń wọlé bọ̀, atẹ́gùn tó yẹ kó kò ó lójú ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí kò yí padà. Kò yí padà torí pé ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Bí èèyàn bá fi agbára yí páráṣúùtì nígbà tó ti sún mọ́ ilẹ̀, páráṣúùtì á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì já onítọ̀hún lulẹ̀ pẹ̀lú eré tí egungun ò lè gbà. Ó ti pa àwọn tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa. Kéèyàn balẹ̀ tààrà pẹ̀lú atẹ́gùn lẹ́yìn sàn ju kó yí nísàlẹ̀ lọ. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ pé ìpinnu tí ọmọ yìí ṣe níbẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ sí kókósẹ̀.

Ohun tí kò retí ni bí ilẹ̀ ṣe máa rí lójú rẹ̀. Páráṣúùtì akẹ́kọ̀ọ́ lè máa lọ síwájú ní nǹkan bíi máìlì 20 ní wákàtí kan. Bí atẹ́gùn máìlì 6 bá ń kò ó lójú, 14 ló kù tí ilẹ̀ fi ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí atẹ́gùn yẹn kan náà bá ń tì í lẹ́yìn, ó di 26. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ńṣe ni koríko ń sáré bọ̀ wá bá mi,” ó ní. “Mo rò pé mo ti délẹ̀.”

Ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ẹni tó ń balẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú síwájú, kó máa wo ọ̀ọ́kán, torí pé bó bá ti wo ìsàlẹ̀ tààrà, ojú ò ní lè díwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó mọ́. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi fíìtì 10 sí 12 ló yẹ kó fa ìjánu méjèèjì, ìyẹn okùn tó fi ń darí páráṣúùtì lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, wálẹ̀, kí páráṣúùtì lè dín eré kù, kó sì gbé e lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Nínú fídíò yẹn, ó fà á níbi tó ga tó òrùlé ilé alájà kan. Páráṣúùtì dẹwọ́ eré. Ó rí i pé òun ṣì ga, ló bá ṣe ohun tí ọwọ́ máa fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, ó jọ̀wọ́ ìjánu padà sókè kó lè tún un fà. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá ti fà á níbi tó ga jù, kó dì í mú síbẹ̀, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó sì ṣubú bó ṣe yẹ. Bí èèyàn bá jọ̀wọ́ ìjánu, páráṣúùtì á já síwájú, á sì já sísàlẹ̀, ẹni tó so mọ́ ọn ò sì ní ibòmíì tí yóò lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún na ara rẹ̀ jáde lọ wá ilẹ̀.

Mo dá fídíò dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nà gbọnrangandan, òsì ká sẹ́yìn, àlàfo ńlá wà láàárín orúnkún méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ òde gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ìwúwo ara rẹ̀, ti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, àti gbogbo eré tó ń bá bọ̀, orí kókósẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bọ́ sí.

Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó fò láti orí àpótí kan bíi ìgbà mélòó kan, olùkọ́ ní ó dára, wọ́n sì bọ́ sórí ẹ̀kọ́ mìíràn. Látìgbà náà, tó bá ti fò tán, ohun tó ṣe lókè ni wọ́n máa ń bá a yẹ̀ wò: bó ṣe wo aago, bó ṣe yí, bó ṣe dúró lórí afẹ́fẹ́. Ó yé mi. Òkè ni ẹ̀rù wà, òkè náà ló sì dùn ún sọ. Àmọ́ lójú èmi tí mo ń fi ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ jẹun, èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ eré yìí gbọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ fún orí lẹ́ẹ̀kan, orí lè rántí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àfi kó ṣe é, kó tún un ṣe, títí tí yóò fi máa ṣe é nígbà tí ẹ̀rù bá ti gba orí lọ. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì parí ẹ̀kọ́ ilẹ̀, ó wù kó mọ gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ní fíìtì 5,500.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe fún un kò le. Mo ní kó dojú kọ ògiri, kó tẹ orúnkún kan ògiri láìgbé gìgísẹ̀, kó máa sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní ti ẹsẹ̀ òsì, àtàǹpàkò rẹ̀ jìnnà sí ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 11 kí gìgísẹ̀ tó fẹ́ gbéra. Ọ̀tún kò kọjá 5. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó sì dijú. Ó fi òsì dúró dáadáa. Nígbà tó kan ọ̀tún, gbogbo ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wá ògiri kí n tó ka ẹyọ mẹ́ta. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan gbé ara sókè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kì í dé ìdajì ohun tí òsì ń ṣe kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ìtọ́jú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú, n ò ní fi gùn. A na oríkèé yẹn lójoojúmọ́, a fún iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lókun, a kọ́ ẹsẹ̀ láti dúró lórí tìmùtìmù tí kò dúró sójú kan. Nígbà tó ti lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tọ síwá sẹ́yìn láìsí ìrora, a bọ́ sórí èyí tó ṣe pàtàkì sí i.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n fò páráṣúùtì nígbà èwe wọn, mo sì ti bá wọn tọ́jú orúnkún rí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo mú Nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

“Má kúnlẹ̀, ọmọ mi. Dúró, kí n wo ẹsẹ̀.” Wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀. “Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ méjì lo ní?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kò sí méjì mọ́ bó o bá ti ń balẹ̀. Ọ̀kan ni. Orúnkún náà, ọ̀kan ni.”

Iyanrìn tí wọ́n já sílẹ̀ fún ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Bàbá ni a lò. A tẹ́ ẹ káàkiri, a gbé búlọ́ọ̀kù kan sí etí rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì náà tẹ̀ lé wa, inú wọn ò sì dùn. Bàbá ní ká wá aṣọ kan wá, ìyá bọ́ ìborùn àdìrẹ tó wà léjìká wọn, wọ́n gbé e kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bàbá ká a kékeré, wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì fi sáàárín orúnkún méjèèjì, kó fún un mọ́ra. Kó fò. Bí ìborùn bá jábọ́ kó tó ṣubú tán, ìfò yẹn kò kà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí ilẹ̀ lásán ni, kò tíì gun búlọ́ọ̀kù. Ìborùn ń jábọ́ ṣáá. Ìyá ló ń ṣà á, wọ́n ń gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, wọ́n ń dá a padà. Nígbà tó yá, wọ́n ti ń dá Nọ́ọ̀sì lóhùn kí Bàbá tó sọ̀rọ̀: “Ó ti já! Tún un ṣe.”

Bí ìṣubú náà ṣe ń lọ rèé. Ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, orúnkún ká díẹ̀, kò nà, kò sì dẹ̀. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti dúró. Á yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún á kan ilẹ̀, ó kan itan, ó kan ìdí, ó kan ẹ̀yìn lábẹ́ apá, á sì yí kọjá. Àgbọ̀n wà láyà. Ọwọ́ wà nítòsí ara, torí ẹni tó bá na ọwọ́ sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló máa ṣẹ́. Agbára tó bá kókósẹ̀ kan jà ní Texas á wá pín káàkiri gbogbo ẹ̀gbẹ́ ara.

Ibì kan wà tí èmi àti Bàbá ò ti fẹnu kò. Páráṣúùtì roboto ni wọ́n fi fò láyé tiwọn. Irú èyí kò ní ìjánu tí èèyàn lè fà kó fi dín eré kù. Bó ṣe ń bọ̀ náà ló máa bálẹ̀, tó nǹkan bíi fíìtì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo ìbalẹ̀ sì jẹ́ ìṣubú. Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì gbàgbé ọwọ́, kó máa ṣubú ní gbogbo ìgbà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lò jẹ́ onígun mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀, tó ń fò lọ síwájú bí ìyẹ́. Irú tí Domina Jalbert gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964 ni. Lórí èyí, iṣẹ́ ọwọ́ ò ṣeé yọ kúrò nínú iṣẹ́ ẹsẹ̀, torí pé ọwọ́ tó jọ̀wọ́ ìjánu ni ẹsẹ̀ san gbèsè fún.

Bàbá gbọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá dá ọgbọ́n tó ràn án lọ́wọ́ jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe. A so okùn méjì kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lórí iyanrìn. Nọ́ọ̀sì á dúró lórí búlọ́ọ̀kù, á di okùn mú lókè, ojú rẹ̀ á wà lára ògiri ilé tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá á ní “Fà!” Á fa ọwọ́ méjèèjì wálẹ̀. Nígbà míì wọn ò ní sọ nǹkan kan mọ́, á rọra bọ́ sílẹ̀, á dúró. Nígbà míì, láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n á pariwo pé “Ó ga jù!” Nígbà náà, ọwọ́ ò gbọdọ̀ padà sókè. Á dì í mú síbi tó fà á dé, á pa orúnkún pọ̀, á bọ́ sílẹ̀, á ṣubú. Wọ́n pariwo náà nígbà tó ń mu omi lọ́wọ́. Wọ́n pariwo náà nígbà tó ń bá èmi sọ̀rọ̀. Ó dé ibi tó jẹ́ pé bí mo bá sọ ọ́ nínú yàrá ìtọ́jú, orúnkún rẹ̀ á ti pa pọ̀ kó tó rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ó sì dìde láìfọwọ́ ti ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tó máa padà, ó mú ìyá rẹ̀ lọ wo pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, kí wọ́n lè fojú rí bí ibi tí òun ń balẹ̀ sí ṣe fẹ̀ tó. Ìyá bi í léèrè bóyá pápá ọ̀hún tó báyìí. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀, pé koríko ni gbogbo rẹ̀, kò sí igi, kò sí wáyà iná. Ìyá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa wo iwájú. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ wa ní láti sọdá òkun kó tó lè kọ́ irú nǹkan báyìí, nígbà tí ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ bẹ́ẹ̀ wà níwájú ilé wa.

Nígbà tó padà dé Texas, kò kàn lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé ara òun ti yá. Mo kọ lẹ́tà fún un, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ sì tún ẹsẹ̀ náà yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ láìfò gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ ojú olùkọ́ kó tó tẹ̀ síwájú, wọ́n sì mú un padà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láàárọ̀ kan fún ìṣubú nìkan, wọ́n gbà. Ó fi fídíò ìfò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpadàbọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Atẹ́gùn kò ó lójú lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún fa ìjánu níbi tó ga díẹ̀ jù. Ọwọ́ dúró síbi tó wà, orúnkún pa pọ̀, ó kanlẹ̀, ó yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páráṣúùtì rẹ̀ jọ.

Ìfò 25 ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, kò sì tíì pé e. Nígbà tí mo wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún gbẹ̀yìn kó tó lọ, ó ti dé sẹ̀ǹtímítà 9 sí ògiri. Ó ní ó ṣì máa ń le díẹ̀ láàárọ̀ nígbà òtútù. Mo ti ní kó máa na oríkèé yẹn kó tó wọ bàtà, kó má sì gun bàálù lọ́jọ́ tí kò bá tíì fò láti orí àpótí dáadáa lórí ilẹ̀.